Kókó níwájú ọrùn: bá a ṣe ń tọ ọ̀rọ̀ táírọ́ọ̀dì ní ìgbésẹ̀-ìgbésẹ̀, fún àwa ará Ìkòròdú

Ẹ jẹ́ n tètè sọ èyí kọ́kàn yín lè balẹ̀: tẹ́ ẹ bá kó ọgọ́rùn-ún kókó táírọ́ọ̀dì (ẹran kékeré tó wà nísàlẹ̀ gògóńgò) jọ, nǹkan bíi 90 sí 95 nínú ẹ̀ ni kì í ṣe káànsà. Mo fi ṣáájú torí mo mọ bó ṣe máa ń rí ládùúgbò wa níbí, ẹnì kan á kàn ṣàkíyèsí pé ọrùn ìyá oníṣòwò kan ní Sábó wú díẹ̀, kílẹ̀ tó mọ́ wọ́n ti ní ayé ló ṣe é, ẹlòmíì á ní káànsà ni, ẹnì kẹta ti gbé ìgò àgbo dé, bẹ́ẹ̀ kò sẹ́ni tó tíì ṣe tẹ́ẹ̀sì kankan.

Ìbéèrè mẹ́ta péré ló wà nílẹ̀ tí kókó bá yọ síbẹ̀. Ṣé ó ti da họ́mónù ara rú? Ṣé káànsà ni? Ṣé ó ti ń fún ọ̀nà ọ̀fun tàbí ọ̀nà èémí? Gbogbo tẹ́ẹ̀sì tí dọ́kítà máa kọ, ọ̀kan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló fẹ́ dáhùn, ó sì ní èyí tó yẹ kó ṣáájú. Ẹni tó bá tò ó bó ṣe yẹ kò ní náwó lẹ́ẹ̀mejì, ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ látẹ̀yìn wá á náwó títí, á tún padà síbi tó yẹ kó ti bẹ̀rẹ̀. Bí kókó ṣe tóbi tó kọ́ lọ̀rọ̀ wà o. Ẹnì kan lè ní èyí tó tóbi débi pé ìborùn ló fi ń bò ó látọdún mọ́dún, kí họ́mónù ẹ̀ pé pérépéré, kí kókó kékeré tẹ́nikẹ́ni ò rí sì máa mú ọkàn ẹlòmíì lù kìkìkì lóru.

Kí ni nǹkan yìí gan-an?

Táírọ́ọ̀dì wà nísàlẹ̀ gògóńgò. Ó ní apá méjì, ọ̀kan lọ́tùn-ún ọ̀kan lósì, ẹran tẹ́ẹ́rẹ́ kan ló so wọ́n pọ̀ láàárín, gbogbo ẹ̀ lára àgbàlagbà ò ju nǹkan bíi gíráàmù 15 sí 25 lọ. Iṣẹ́ ẹ̀ ni kó máa fi áyódíìnì tá à ń rí nínú oúnjẹ ṣe họ́mónù T4 àti T3, àwọn ló ń pinnu bí ara ṣe máa yára tó: bí ọkàn ṣe máa lù, bí ara ṣe máa gbóná, bí oúnjẹ ṣe máa dà, bí nǹkan oṣù ṣe máa wá, kódà bí inú ṣe máa ń tètè bí èèyàn. Tí ibì kan nínú ẹ̀ bá hù yàtọ̀ sí ibi tó kù, kókó nìyẹn. Omi lè wà nínú ẹ̀, ó lè jẹ́ ẹran gbuu, ó lè jẹ́ ẹyọ kan, ó lè pọ̀. Tó bá jẹ́ pé gbogbo táírọ́ọ̀dì ló wú la máa ń pè é ní gẹ̀gẹ̀, gẹ̀gẹ̀ kan wà tó kún fún kókó, òmíì sì dán bọ̀rọ́ láìní kókó rárá.

Ó wọ́pọ̀ ju bẹ́ ẹ ṣe rò lọ. Tí dọ́kítà bá fọwọ́ wá a lọ́rùn àgbàlagbà ọgọ́rùn-ún, ó lè rí i lára bíi mẹ́rin sí méje, tó bá wá jẹ́ skáànù ni wọ́n gbé lé ọrùn, ṣe ló máa ń yọ lára ọ̀pọ̀ èèyàn tí ò tiẹ̀ mọ̀ pé nǹkan kan wà níbẹ̀. Àwọn obìnrin ló ń ní i jù, bọ́jọ́ orí sì ṣe ń lọ ló ń pọ̀ sí i.

Ìgbésẹ̀ kìíní: dígí àti omi

Ẹ dúró síwájú dígí níbi tí iná ti mọ́lẹ̀ dáadáa, ẹ bọ́ ìlẹ̀kẹ̀ tàbí ṣéènì ọrùn, ẹ gbé àgbọ̀n sókè díẹ̀, kẹ́ ẹ wá gbé omi mì bẹ́ ẹ ṣe ń wo àárín gògóńgò síbi tí ọrùn ti pàdé àyà. Nǹkan tó bá jẹ́ ti táírọ́ọ̀dì, tẹ́ ẹ bá ti ń gbé omi mì á gòkè, á tún sọ̀kalẹ̀. Èyí tí ò mira, tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọrùn tàbí lábẹ́ àgbọ̀n, ó lè jẹ́ eyín tàbí ọ̀fun tó ń dunni ló fà á, ṣùgbọ́n tóun náà bá ti wà níbẹ̀ ju ọ̀sẹ̀ méjì mẹ́ta lọ, ẹ fi han dọ́kítà. Ẹ má sì wá máa tẹ̀ ẹ́ láràárọ̀ o. Dígí ò lè sọ pé kò sí nǹkan, torí kókó kékeré kì í hàn síta.

Ìgbésẹ̀ kejì: ẹ kọ ohun tára ń ṣe sílẹ̀

Ibí ni mo fẹ́ ká jókòó sí díẹ̀, torí ibí ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà. Ọ̀pọ̀ kókó kì í ṣe ara ní nǹkan kan. Ṣùgbọ́n tí táírọ́ọ̀dì bá ń ṣiṣẹ́ àṣejù, èèyàn á máa jẹun dáadáa kó tún máa rù, ọkàn á máa sáré, ọwọ́ á máa gbọ̀n tó bá nà án jáde, á máa làágùn níbi táwọn yòókù ti ń sọ pé ooru ò mú, oorun ò ní wá, ìgbẹ́ á máa yá, nǹkan oṣù lè dín kù, inú á sì máa bí i sí gbogbo èèyàn nínú ilé. Tó bá jẹ́ pé táírọ́ọ̀dì lẹ ni, òdì kejì ni: ara á wúwo, á máa rẹ̀ ẹ́ láìṣiṣẹ́, òtútù á máa mú un, á sanra láì jẹun jù, ìgbẹ́ á le, awọ ara á gbẹ, ojú á wú láàárọ̀, nǹkan oṣù á máa ya púpọ̀.

Ẹ wá wo bá a ṣe ń ṣe é. Ẹni tí ọkàn ẹ̀ ń sáré á lọ sí kẹ́míìsì, wọ́n á ní ibà ni, wọ́n á po òògùn fún un. Obìnrin tó ti lé ní àádọ́ta ọdún, wọ́n á ní nǹkan oṣù tó fẹ́ dúró ló ń jẹ́ kó làágùn. Ẹni tó ń rẹ̀, wọ́n á ní ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ ló lọ sílẹ̀, kó máa mu tọ́níìkì. Kì í ṣe pé kò lè jẹ́ bẹ́ẹ̀ o, ṣùgbọ́n tí kókó bá ti wà lọ́rùn, àbí tẹ́nì kan nínú ẹbí bá ti ní àrùn táírọ́ọ̀dì rí, ọ̀rọ̀ ti yàtọ̀ nìyẹn. Àṣejù yìí tó bá pẹ́ lára láìtọ́jú, ó lè mú kí ọkàn máa lù ségesège, èyí tó lè fa rọpárọsẹ̀, á sì máa jẹ eegun díẹ̀díẹ̀. Èyí tó lẹ ní tiẹ̀ máa ń mú kí ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ pọ̀, ó sì lè dí oyún lọ́wọ́.

Nínú ìwé tẹ́ ẹ̀ ń kọ, ẹ tún fi èyí sí i: ọjọ́ tẹ́ ẹ kọ́kọ́ rí kókó, bóyá ó ti yára tóbi láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan, bóyá ohùn ti há tí ò sì lọ, bóyá ó le tó sì dúró gbagidi tí ò ṣe é mì, bóyá kókó míì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọrùn, bóyá wọ́n ti fi rádíéṣọ̀n tọ́jú yín lórí tàbí lọ́rùn nígbà èwe, bóyá ẹbí yín kan ti ní káànsà táírọ́ọ̀dì. Èyíkéyìí nínú wọn ń jẹ́ kí dọ́kítà tètè múra, pàápàá tó bá jẹ́ ọkùnrin ló ní in, tàbí ẹni tí ò tíì pé ogún ọdún, tàbí ẹni tó ti lé ní àádọ́rin.

Ẹni tí èémí ẹ̀ bá ń hó, tí ò lè fẹ̀yìn lélẹ̀ sùn torí ó ń há a láyà, tí omi pàápàá ò lọ, tàbí tí kókó ẹ̀ wú lójijì pẹ̀lú ìrora, ẹ má dúró de ọjọ́ klíníìkì, emájẹ́ńsì ni. Bákan náà ni ẹni tó ti ní àṣejù táírọ́ọ̀dì tẹ́lẹ̀, tára ẹ̀ wá gbóná gan-an, tí ọkàn ń sáré burúkú, tó tún ń sọ̀sọkúsọ.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ohun tẹ́ ẹ máa fi sílẹ̀ kẹ́ ẹ tó lọ

Ẹ má jẹ́ kẹ́nikẹ́ni sín gbẹ́rẹ́ sí i, ẹ má jẹ́ kí wọ́n fún un tàbí fi nǹkan gbígbóná jó o. Ibi tí iṣan ẹ̀jẹ̀ ńláńlá wà nìyẹn. Àdúrà ò ní kí ẹ má lọ sí ọsibítù.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń mu bíótíìnì torí irun àti èékánná, tiyín rèé. Lórí àwọn ẹ̀rọ lábù kan, bíótíìnì máa ń da rìsọ́ọ̀tì táírọ́ọ̀dì rú, á gbé TSH (họ́mónù tó ń pàṣẹ fún táírọ́ọ̀dì) wálẹ̀ á gbé T4 sókè lórí ìwé, kí wọ́n wá máa fún ẹni tí ara ẹ̀ le ní òògùn àṣejù. Ẹ dá a dúró ó kéré tán ọjọ́ méjì ṣáájú tẹ́ẹ̀sì, tó bá jẹ́ oníwọ̀n ńlá lẹ̀ ń lò kó ju bẹ́ẹ̀ lọ, kẹ́ ẹ sì sọ fún dọ́kítà. Ẹ wo ẹ̀yìn ìgò òògùn irun yín dáadáa, torí ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí wọ́n ń polówó lórí WhatsApp ló ní in nínú.

Òògùn áyódíìnì tàbí èyí tí wọ́n fi koríko inú òkun ṣe tí wọ́n ń tà pé ó ń yọ́ gẹ̀gẹ̀, ẹ fi sílẹ̀. Lára ẹni tó ti pẹ́ tó ti ní kókó, áyódíìnì tó pọ̀ lójijì lè mú kí táírọ́ọ̀dì bẹ̀rẹ̀ àṣejù.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: TSH ló ń ṣáájú

Ẹ lọ sí ilé ìlera alábọ́ọ́dé tó sún mọ́ yín tàbí General Hospital Ìkòròdú, ará Ìjẹ̀dé náà ní General Hospital tiwọn, ẹ jẹ́ kí dọ́kítà fọwọ́ kan ọrùn yín, kó sì kọ tẹ́ẹ̀sì fún yín. Ẹ má kàn wọ lábù kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ gáréèjì kẹ́ ẹ ní kí wọ́n ṣe “gbogbo táírọ́ọ̀dì” fún yín. Wọ́n á ṣe é o, wọ́n á gbowó ẹ̀, ẹ ò sì ní mọ ohun tẹ́ ẹ máa fi ṣe.

TSH yìí, táírọ́ọ̀dì fúnra ẹ̀ kọ́ ló ń ṣe é, abẹ́ ọpọlọ ló ti ń wá. Ẹ wò ó bíi lánlọ́ọ̀dù. Tí owó ilé ò bá wọlé, ohùn ẹ̀ á máa lọ sókè, tí owó bá wọlé kọjá bó ṣe yẹ, ẹ ò ní gbọ́ ohùn ẹ̀ mọ́. Torí náà tí TSH bá ga, táírọ́ọ̀dì ló lẹ, tó bá lọ sílẹ̀ gan-an, àṣejù ni. Ní ọ̀pọ̀ lábù, nǹkan bíi 0.4 sí 4.0 ló wà déédéé, ṣùgbọ́n iye tí lábù yín kọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rìsọ́ọ̀tì ni kẹ́ ẹ wò. Tí ò bá déédéé ni wọ́n máa wá fi T4 sí i, àti T3 nígbà míì.

Kí nìdí tó fi gbọ́dọ̀ ṣáájú? Torí tí TSH bá lọ sílẹ̀, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ kókó yẹn gan-an ló ń da họ́mónù jáde, irú kókó bẹ́ẹ̀ kì í sábàá jẹ́ káànsà, ó sì lè má nílò abẹ́rẹ́ tí wọ́n fi ń fa díẹ̀ nínú kókó wò rárá. Skáànù kan wà tí wọ́n ń fi oògùn onírádíéṣọ̀n díẹ̀ ṣe láti mọ̀ bóyá kókó ló ń ṣiṣẹ́ àbí ibi tó kù, kì í ṣe gbogbo ọsibítù ló ní in, UCH Ìbàdàn wà lára àwọn tó ní in. Aboyún àti abiyamọ tó ń fọ́mọ lọ́yàn kì í ṣe é. Tí TSH bá déédéé tàbí tó ga, skáànù ọrùn ló kàn.

Ìwé tí General Hospital bá fún yín láti lọ sí LASUTH ní Ìkẹjà tàbí LUTH ní Ìdí-Àràbà, ẹ má jẹ́ kó sọnù, ẹ ṣe fọ́tòkọ́pì ẹ̀. Ẹ tètè jáde, Mile 12 kì í mọ̀ pé èèyàn ń lọ klíníìkì. BRT tó ń lọ sí TBS dáa jù, ẹ bọ́ọ́lẹ̀ ní Maryland kẹ́ ẹ wọ mọ́tò Ìkẹjà. Tẹ́ ẹ bá wà lórí Ìlera Èkó, ìyẹn ètò ìbánigbófò ìlera ìpínlẹ̀ wa, ẹ kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ ọsibítù tẹ́ ẹ forúkọ sílẹ̀ sí, èwo nínú àwọn tẹ́ẹ̀sì yìí ni wọ́n máa gbé, èwo lẹ máa fowó ara yín san.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: skáànù ọrùn

Skáànù lásán bíi ti aboyún ni, kò ní rádíéṣọ̀n nínú, kì í dunni. Ohun tó ṣòro ni rìsọ́ọ̀tì, torí ibòmíì á kàn kọ “kókó wà lápá ọ̀tún”, ó tán. Kẹ́ ẹ tó sanwó, ẹ béèrè bóyá wọ́n máa kọ bí kókó kọ̀ọ̀kan ṣe tóbi tó, bóyá omi ni tàbí ẹran, bí etí ẹ̀ ṣe rí, bóyá nǹkan funfun wínníwínní wà nínú ẹ̀, bóyá ó ga ju bó ṣe fẹ̀ lọ, àti ipò TI-RADS ẹ̀, ìyẹn òdiwọ̀n bí kókó ṣe jọ káànsà tó lójú skáànù.

TI-RADS máa ń lọ láti 1 dé 5. Ìkíní àti ìkejì, ẹ lọ sinmi. Lẹ́yìn ìyẹn, ìwọ̀n ló ń sọ ẹni tó nílò abẹ́rẹ́: ìkẹta tó bá tó sẹ̀ǹtímítà 2.5, ìkẹrin tó bá tó 1.5, ìkarùn-ún tó bá tó 1. Èyí tí ò bá tó bẹ́ẹ̀, wọ́n lè kàn máa ṣọ́ ọ. Torí náà ẹni tó ní ìkẹta tí ò ju sẹ̀ǹtímítà kan lọ, tẹ́nì kan wá ní kó múra ọpuréṣọ̀n lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, kó fi ìwé ẹ̀ han dọ́kítà míì kó tó sanwó.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: abẹ́rẹ́

Abẹ́rẹ́ tín-ín-rín ni wọ́n ń fi fa díẹ̀ nínú kókó, skáànù á máa júwe ọ̀nà fún un, ọjọ́ yẹn náà lẹ máa padà sílé. Ọ̀rọ̀ tó gbòde pé tí abẹ́rẹ́ bá ti kan káànsà ó ti tàn nìyẹn, ẹ má jẹ́ kó dá yín dúró, abẹ́rẹ́ yìí ò ń ṣe bẹ́ẹ̀. Tẹ́ ẹ bá ń lo òògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, ẹ sọ ṣáájú.

Rìsọ́ọ̀tì ẹ̀ ní ipò mẹ́fà. Ìkíní, ohun tí wọ́n fà ò tó, ẹ máa tún un ṣe, ẹ má bínú. Ìkejì, kì í ṣe káànsà. Ìkẹta àti ìkẹrin ni kò lọ kò bọ̀, wọ́n lè tún abẹ́rẹ́ ṣe, tàbí kí wọ́n gé apá kan jáde láti mọ̀ dájú. Ìkarùn-ún, ó jọ káànsà. Ìkẹfà, káànsà ni. Kódà tó bá jẹ́ ìkẹfà, irú tó wọ́pọ̀ jù nínú ẹ̀ kì í yára, ọ̀pọ̀ tó tètè tọ́jú ẹ̀ ló ń gbé ayé wọn lọ.

Ìgbésẹ̀ keje: ìtọ́jú

Tí kì í bá ṣe káànsà, tí họ́mónù déédéé, tí ò fún nǹkan kan, ìtọ́jú ẹ̀ ni kẹ́ ẹ máa ṣọ́ ọ, skáànù mìíì lẹ́yìn ọdún kan sí méjì. Mo mọ̀ pé kò dùn mọ́ wa, a fẹ́ kí wọ́n fún wa ní òògùn, ṣùgbọ́n òògùn levothyroxine (họ́mónù T4 tí wọ́n ṣe sínú òògùn) tí wọ́n ń fún àwọn kan láti fi yọ́ kókó nígbà tí TSH wọn déédéé, wọn ò gbà á nímọ̀ràn mọ́, torí ó lè ṣe ọkàn àti eegun ní jàǹbá.

Tó bá jẹ́ àṣejù ni, òògùn carbimazole ló wọ́pọ̀. Ẹni tó ń lò ó tí ọ̀fun bá dùn pẹ̀lú ibà, kó dá a dúró, kó lọ ṣe tẹ́ẹ̀sì ẹ̀jẹ̀ lọ́jọ́ yẹn gan-an, torí òògùn náà lè pa àwọn tó ń gbógun ti àrùn nínú ẹ̀jẹ̀, ó ṣọ̀wọ́n ṣùgbọ́n ó burú. Áyódíìnì onírádíéṣọ̀n náà wà, ẹni tó bá lò ó kò gbọ́dọ̀ lóyún fún oṣù mẹ́fà ó kéré tán.

Ọpuréṣọ̀n ni fún káànsà, fún èyí tó ń fún ọ̀fun, àti fún àwọn kan tó ń ṣe àṣejù. Ẹ bi oníṣẹ́ abẹ léèrè bóyá apá kan ni tàbí gbogbo ẹ̀, àti bó ṣe ń ṣe irú ẹ̀ tó lọ́dún, torí iṣan ohùn wà lẹ́yìn ibẹ̀ gan-an. Lẹ́yìn ẹ̀, tí ẹnu àti ọmọ ìka bá ń rin yín wìnnìwìnnì, ẹ tètè sọ, ó lè jẹ́ kálísíọ̀mù ló lọ sílẹ̀. Ẹni tí wọ́n bá yọ gbogbo ẹ̀, levothyroxine di tojoojúmọ́ títí ayé. Àárọ̀ kùtù ni kẹ́ ẹ lò ó pẹ̀lú omi lásán, ọgbọ̀n ìṣẹ́jú sí wákàtí kan kẹ́ ẹ tó jẹun tàbí mu tíì, kẹ́ ẹ fi wákàtí mẹ́rin sáàárín òun àti òògùn ẹ̀jẹ̀ (èyí tó ní áyọ́ọ̀nù nínú, kì í ṣe ti ẹ̀jẹ̀ ríru) tàbí kálísíọ̀mù. Ẹ má gbé e sórí fèrèsé tí oòrùn ń ràn sí.

Ọ̀rọ̀ oúnjẹ

Àgbàlagbà nílò áyódíìnì 150 máíkírógíráàmù lójúmọ́, aboyún 250. Iyọ̀ ilé ní Nàìjíríà ní áyódíìnì nínú, ìyẹn tẹ́ ẹ bá ra èyí tó wà nínú ọ̀rá tó ní nọ́ńbà NAFDAC. Iyọ̀ tí wọ́n tú síta lọ́jà nínú oòrùn tí wọ́n ń wọ̀n, áyódíìnì inú ẹ̀ ti ń lọ. Ẹ dé e pa nílé, ẹ fi sọ́bẹ̀ nígbà tó bá kù díẹ̀ kẹ́ ẹ sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Ẹ má sì torí áyódíìnì sọ ọbẹ̀ di iyọ̀, gíráàmù 5 lójúmọ́ ti tó, ẹ̀jẹ̀ ríru náà ń dúró lẹ́nu ọ̀nà.

Ẹja òkun ní áyódíìnì púpọ̀, ó ju ẹja omi tútù lọ, ẹyin àti mílíìkì náà ní díẹ̀. Gàárì ńkọ́? Ẹ̀gẹ́ ní májèlé kan nínú tí ara ń sọ di nǹkan tó ń dí áyódíìnì lọ́nà táírọ́ọ̀dì, ṣùgbọ́n ẹni tí áyódíìnì ẹ̀ ò tó nìyẹn ń yọ lẹ́nu jù. Gàárì tó kan dáadáa tí wọ́n yan gbẹ kò ní púpọ̀ mọ́ nínú. Èyí tí wọ́n fi ìwàǹwára ṣe, tí wọ́n rẹ́ láàárọ̀ tí wọ́n yan nírọ̀lẹ́, òun ni kẹ́ ẹ sá fún, ti Ìjẹ̀bú tó kan ẹnu yẹn gan-an ló sàn jù nínú ọ̀rọ̀ yìí. Kókó tó ti wà nílẹ̀ ṣá, oúnjẹ kankan ò ní yọ́ ọ.

Obìnrin tó ní kókó tó bá fẹ́ lóyún, kó ṣe TSH ṣáájú. Tó bá ti lóyún, kó sọ lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tó bá débi ìforúkọsílẹ̀, torí ní ìbẹ̀rẹ̀ oyún, họ́mónù ìyá ni ọpọlọ ọmọ ń lò. Ó lè ṣe skáànù ọrùn, ó sì lè ṣe abẹ́rẹ́ tí wọ́n fi ń fa kókó wò, kò séwu.

Ẹ ra fáìlì kan, ẹ kó gbogbo rìsọ́ọ̀tì sínú ẹ̀ pẹ̀lú déètì, títí kan fọ́tò skáànù, kì í ṣe ìwé nìkan. Tẹ́ ẹ bá lè ṣe skáànù tó kàn níbi tẹ́ ẹ ti ṣe ti àkọ́kọ́, ẹ ṣe é níbẹ̀. Tí kókó bá fi ìdá kan nínú márùn-ún tóbi sí i ní ìwọ̀n méjì ó kéré tán, tí ohun tó fi kún ìkọ̀ọ̀kan sì tó mìlímítà méjì, dọ́kítà á ka ìyẹn sí pé ó dàgbà, èyí tó bá kéré sí i lè jẹ́ ọwọ́ ẹni tó wọ̀n ọ́n ló yàtọ̀.